Ìgbàgbọ́ Kan, Àdámọ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìyàtọ̀ Tó Wà Nínú Ọkàn Àwọn Onígbàgbọ́

Nínú ilé kan náà nílẹ̀ Yorùbá, kò ṣàjèjì kí bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó fẹ́ràn ìwé àdúrà, kí ìyá máa lọ ṣe ìṣọ́ òru lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà, kí ọmọ wọn ọkùnrin má ka ìwàásù kún bí oníwàásù kò bá tú Bíbélì palẹ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ, kí ọmọ wọn obìnrin sì gbà pé kò sí ìsìn tó kọjá kéèyàn bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Olúwa kan náà ni gbogbo wọn ń pè. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá délẹ̀, oníkálukú á máa fura sí ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá á ní ariwo lásán ni ti ibẹ̀ yẹn. Ìyá á ní ìjọ tí wọ́n ti ń ka àdúrà láti inú ìwé ti sùn lọ. Ọmọkùnrin á ní àwọn méjèèjì kò mọ Ìwé Mímọ́. Ọmọbìnrin á béèrè pé aláìní mélòó ni gbogbo rẹ̀ ti gbé dìde.

Ìbéèrè tó wà nídìí àríyànjiyàn yìí ti wà láti ìgbà tí ìjọ Kristi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn tó gba Olùgbàlà kan náà gbọ́, tí wọ́n ń ka Bíbélì kan náà, fi ń súnmọ́ Ọlọ́run lọ́nà tó yàtọ̀ síra tó báyìí? Ṣé ìgbàgbọ́ ẹnìkan ló kéré ni, àbí àdámọ́ ọkàn ló yàtọ̀? Ọ̀nà mẹ́ta la máa gbà yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín: Bíbélì fúnra rẹ̀, ìwé àwọn onímọ̀, àti jù lọ ìtàn ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí oríṣiríṣi ọkàn wọ̀nyí ti pàdé láàárín nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún. Ohun tí ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ sọ ni pé àdámọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́. Ìgbàkígbà tí a bá sọ àdámọ́ àwọn kan di òfin fún gbogbo ìjọ, ńṣe là ń ti àwọn ọmọ Ọlọ́run mìíràn síta kúrò nílé Bàbá wọn.

Ẹ̀rí inú Bíbélì

Hánà lọ sí Ṣílò, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde. Élì àlùfáà wò ó, ó ní ọtí ló ń pa á. Élì kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọdún pípẹ́ ló ti fi ṣe àlùfáà nínú ilé Olúwa. Àdúrà tí kò bá èyí tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ mu ni kò dá mọ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n fura sí níbẹ̀. Nígbà tó di ayé Dáfídì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọba fi gbogbo agbára rẹ̀ jó níwájú Àpótí Ẹ̀rí, Míkálì ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó sì kẹ́gàn rẹ̀ lọ́kàn. Ẹni tó jó ni wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú níbí. Nínú ìtàn méjèèjì, ẹni tí wọ́n ṣì lóye ni Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀.

Èlíjà ni kò jẹ́ ká lè sọ pé ti ẹnìkan ni iná, ti ẹlòmíràn ni ìdákẹ́jẹ́. Òun kan náà ló pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì níwájú èrò rẹpẹtẹ, òun náà ló sì dúró lórí òkè Hórébù tí ìjì, ìsẹ̀lẹ̀ àti iná kọjá lọ, tó jẹ́ pé ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Olúwa fi bá a sọ̀rọ̀. Tọ́másì ní àfi kóun rí àpá ìṣó kóun tó gbà. Jésù kò lé e kúrò láàárín àwọn yòókù, ó fi àpá náà hàn án. Ti Màtá àti Màríà, tí wọ́n sábà máa ń fi na oníṣẹ́ ilé lẹ́gba, ó yẹ ká kà á dópin. Àníyàn ni Jésù bá Màtá wí sí, kì í ṣe iṣẹ́. Nígbà tí Lásárù kú, Màtá yìí kan náà ló kọ́kọ́ jáde lọ pàdé Jésù lọ́nà, tó jẹ́wọ́ pé òun ni Kristi náà, Ọmọ Ọlọ́run.

Ní Kọ́ríńtì, ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín ìjọ. Àwọn tó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà rò pé àwọn ló ga jù. Pọ́ọ̀lù kò ní kí wọ́n dẹ́kun, kò sì gbà pé kí wọ́n fi jọba lé àwọn yòókù lórí. Ó fi ètò sí i, ó ní kí ohun gbogbo máa gbé ìjọ ró, ó sì fi orí ìfẹ́ sáàárín orí méjèèjì tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn ẹ̀mí. Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ wá sọ lẹ́yìn náà, orí ìpìlẹ̀ yìí ló wà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Lọ́dún 1901 sí 1902, William James, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ọ̀wọ́ àsọyé kan ní Edinburgh, ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde lọ́dún 1902 sì di gbajúmọ̀. Oríṣi onígbàgbọ́ méjì ló tẹnu mọ́. Àwọn kan wà tí inú wọn ń dùn sí Ọlọ́run láti kékeré, tí ìgbàgbọ́ wọn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ láìsí ìjì. Àwọn mìíràn wà tí ọkàn wọn kò sinmi, tí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìbànújẹ́ wúwo lé lórí, títí ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ fi yí padà, tí wọ́n di àtúnbí. Àǹfààní ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀: kò dára ká máa fipá béèrè ọjọ́ àti wákàtí ìyípadà lọ́wọ́ ẹni tó mọ Olúwa láti inú oyún, kò sì dára ká máa sọ fún ẹni tó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ pé ó ń ṣe àṣejù. Àmọ́ James fẹ́rẹ̀ẹ́ má wo ìjọ rárá. Ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìrírí rẹ̀ lóun nìkan ló gbájú mọ́.

Friedrich von Hügel tún un ṣe lọ́dún 1908. Nínú ìwé ńlá tó kọ nípa Catherine ti ìlú Genoa, ó ní ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀sìn tó gún régé: ìjọ pẹ̀lú àṣà àti àṣẹ rẹ̀, ìmọ̀ tó ń wádìí, àti ìrírí ọkàn pẹ̀lú Ọlọ́run. Ọkàn kọ̀ọ̀kan ní èyí tó fà á jù, ṣùgbọ́n èyí tó bá dá dúró láìsí méjì yòókù á ṣàìsàn. Àṣà nìkan á gbẹ, ìmọ̀ nìkan á tutù, ìrírí nìkan á ṣìnà. Nínú gbogbo àlàyé tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tirẹ̀ ló lágbára jù.

Àwọn tó tẹ̀ lé e fẹ ọ̀nà náà sí i. Richard Foster ka odò mẹ́fà lọ́dún 1998: àdúrà àṣàrò, ìwà mímọ́, agbára Ẹ̀mí, òdodo láwùjọ, ìhìn rere, àti fífi ohun tí a lè fojú rí sin Ọlọ́run. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1996, Gary Thomas ka mẹ́sàn-án, láti orí ẹni tó ń rí Ọlọ́run nínú igbó àti odò títí dé orí ẹni tó jẹ́ pé ìwé ló fi ń sìn ín. Irú ìwé báyìí wúlò fún ẹni tó ti ń rò pé ẹ̀sìn òun kò pé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn yan orúkọ kan fún ara rẹ̀ kó sì jókòó tì í, bí ẹni pé wọ́n ti ka ìyókù kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ètò

Ìsìn elétò ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù Kẹsàn-án, Henry Townsend ti CMS sì dé ní oṣù Kejìlá. Àwọn fadá ìjọ Kátólíìkì náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn ní Èkó. Ìwé àdúrà, ọdún ìjọ tó ń lọ láti Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa dé Lẹ́ǹtì dé Àjíǹde, dùrù, ẹgbẹ́ akọrin, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa: nínú nǹkan wọ̀nyí ni irú ọkàn kan ti ń rí Ọlọ́run. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, á rí i pé ìjọ ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ dè é. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lónìí ṣì lè gbàdúrà, torí àdúrà náà kò dúró de bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Kì í ṣe òtítọ́ pé irú ìsìn yìí kò ní iṣẹ́ ọpọlọ àti ìfẹ́ nínú. T. K. E. Phillips tẹ dùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962. Ohun tó jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé bí a bá fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, òkè-ìsàlẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ náà á dàrú, ìtumọ̀ á sì sọnù. Ó wá ọ̀nà tí orin ìjọ á fi máa bá ohùn èdè wa rìn, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, débi pé wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní London lọ́dún 1922. Ní ìlà-oòrùn, ní Ọyẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti 1947. Àwọn bíi Lámídì Fákẹ́yẹ àti Bámidélé Àrẹògún wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn àti òpó ilé ìsìn. Fún ẹni tí ojú àti etí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọkàn rẹ̀, àdúrà ni gbogbo èyí.

Àwọn tí Ẹ̀mí ń gbé

Àmọ́ àwọn ọkàn kan wà tí ètò yìí kò tó fún. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ń pa ènìyàn káàkiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Ṣàdáre wà láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà kíkan. Sophia Ọ̀dúnlámì, tó jẹ́ olùkọ́, rí ìran pé omi òjò àti àdúrà ni kí wọ́n fi wo àìsàn náà. Wọn kò fẹ́ fi ìjọ wọn sílẹ̀. Lọ́dún 1922, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi ọmọdé àti oògùn, wọ́n jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 1925, yẹ ká wò ó dáadáa. Àwọn Kátólíìkì ń ṣe ìwọ́de àjọ̀dún Ara Kristi pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, lọ wòran. Níbẹ̀ ló ti rí áńgẹ́lì kan; nígbà tó délé, ẹ̀mí gbé e lọ, kò sì mọ ohun tó ń lọ mọ́. Mose Orímọládé Túnọláṣe, wòólì tó ti Ìkàrẹ́ wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, ni wọ́n lọ pè láti wá gbàdúrà fún un. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Ẹgbẹ́ Séráfù, tó wá di Kérúbù àti Séráfù, bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí nǹkan ṣe so kọ́ra: ìsìn tó kún fún ètò ló ṣílẹ̀kùn ìran, àdúrà Aládùúrà ló sì gba ẹni tó rí i padà. Ẹgbẹ́ àdúrà lásán ni Séráfù nígbà náà. Ọmọ ẹgbẹ́ á gbàdúrà níbẹ̀, á sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ti fàyè gbà wọ́n nínú àwọn ìjọ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó máà di ìjọ ọ̀tọ̀.

Àwọn yòókù náà inú ìjọ elétò ni wọ́n ti wá. Josiah Òṣítẹ̀lú ti Ògèrè ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà kí ìran tó ń rí tó lé e síta. Lọ́dún 1930 ló dá ìjọ Olúwa sílẹ̀. Samuel Bilewu Oshoffa, káfíńtà tó jẹ́ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ní Porto-Novo, wọ igbó lọ wá igi lọ́dún 1947. Òṣùpá bo oòrùn lójú nígbà tó wà níbẹ̀, ìpè dé, ìjọ Sẹ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ẹni tó bá wọ ilé àdúrà wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Sùtánà funfun ló wà lára àwọn olùjọsìn, àbẹ́là ń jó níwájú pẹpẹ, tùràrí ń rú, agogo ń dún. Wọ́n á ka Sáàmù, wọ́n á dá orin, ìlù á gbà á, àtẹ́wọ́ á sọ. Aríran á máa sọ̀rọ̀, akọ̀wé á jókòó tì í pẹ̀lú bébà, tí yóò máa kọ ohun tí ó ń rí fún aboyún, arìnrìn-àjò àti aláìsàn. Ìdí tí ọkàn irú àwọn wọ̀nyí fi balẹ̀ níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run ń gbọ́ nísinsìnyí, ó sì ń dáhùn nísinsìnyí, lórí ọ̀rọ̀ tó ń gbà wọ́n lóorun gan-an. Àwọn obìnrin náà rí àyè níbẹ̀ tí kò sí fún wọn níbòmíràn lásìkò náà. Abíọ́dún kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi ń darí ìjáde ìwàásù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn tó ń fi ìmọ̀ sìn

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kì í ṣe aríran, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó jókòó ti èdè. Ìwé Róòmù jáde lọ́dún 1850, odidi Bíbélì Yorùbá sì parí lọ́dún 1884. Bó bá pàdé àwọn Mùsùlùmí, kì í bá wọn jà. Bíbélì ló máa ń ṣí, tó sì máa ń fi sùúrù dáhùn. Gbogbo Aládùúrà tó ka Sáàmù sínú omi, tó sì rí ìtura, inú ìwé tí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ ló ti kà á. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ kò ní Ẹ̀mí kó rántí èyí. Bọ́lájí Ìdòwú tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà jẹ́ irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ìwé tó kọ lọ́dún 1965 fi ìbéèrè tó le síwájú ìjọ nípa bí yóò ṣe di ti ilẹ̀ yìí lóòótọ́.

Lọ́dún 1973, Pásítọ̀ William Kúmúyì, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ibẹ̀ ni Deeper Life ti jáde, tó jẹ́ pé ìjókòó ka Bíbélì ní ọjọ́ Ajé ni òpó rẹ̀ títí dòní. Yunifásítì kan náà, ẹ̀ka ìṣirò kan náà, ni Pásítọ̀ Enoch Adébóyè ti ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Josiah Akíndayọ̀mí ni ìgbàgbọ́ gbé Adébóyè lọ, ẹni tó ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde, tó sì dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ lọ́dún 1952. Adébóyè ló ń túmọ̀ ìwàásù bàbá náà láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó di olórí ìjọ lọ́dún 1981. Onímọ̀ ìṣirò méjì: ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ọ̀kan fi kọ́ ilé tirẹ̀, àdúrà àti ìyanu ni èkejì fi kọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ìwé kò lè sọ irú ọkàn tí èèyàn ní fún wa.

Àwọn oníṣẹ́ àánú, àti ọ̀rọ̀ Iléṣà

Anna Hinderer dé Ìbàdàn lọ́dún 1853 pẹ̀lú David ọkọ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Àwọn ọmọdé tó gbà sílé ló jẹ́ ìwàásù rẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà, ebi pa wọ́n pa pọ̀, kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Irú ọkàn yìí ló bí ilé ìwòsàn àwọn Kátólíìkì ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, lọ́dún 1895, àti ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1907.

Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti wà nínú ìlú náà kí Josẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá tó dé. Babalọlá, ọmọ ìjọ CMS, ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹwàá 1928 nígbà tí ẹ̀rọ náà kọṣẹ́ tó sì gbọ́ ohùn tó pè é. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òóyè. Èrò wọ́ wá láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìkòkò àti igbá, wọ́n ń gbé omi kó lè súre sí i. Nínú ìlú kan náà, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi oògùn àti òwú wẹ ojú ọgbẹ́ lórúkọ Jésù kan náà.

Ìforígbárí rẹ̀ le. Àwọn tó tẹ̀ lé Babalọlá, tí wọ́n wá di ìjọ CAC, kọ oògùn pátápátá. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì Òyìnbó ti Apostolic Church, tí wọ́n jọ ń ṣe, ń lo kuníìnì kí ibà má bàa mú wọn, ìyẹn wà lára ohun tó tú wọn ká. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò fi Iléṣà fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Láti 1956, Dókítà David Morley ti Wesley Guild lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé àìjẹunrekánú, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ ń pa ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ṣe ìwé pélébé tí ìyá á máa mú dání, tí wọ́n á máa sàmì ìwọ̀n ọmọ sí bó ṣe ń dàgbà, kí wọ́n lè tètè rí ọmọ tó ń rù. Ìwé náà tàn kárí ayé. Àwọn tí àdúrà Babalọlá gbé dìde pọ̀, àwọn ọmọ tí ìwé Morley gbà là náà pọ̀. Ẹni tó bá ní kóun yan ọ̀kan kóun sọ ìkejì nù, ojú ọpẹ́ rẹ̀ kò là.

Àwọn tó ń dákẹ́

Àwọn yìí ni a kì í sábà rí, torí wọn kì í pe àkíyèsí. Láti ìgbà Ántónì ará Íjíbítì tó wọ aginjù lọ ní ọ̀rúndún kẹta ni wọ́n ti wà. Ní England, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, George Fox àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìsìn tí wọ́n ti ń jókòó jẹ́ẹ́ títí Ẹ̀mí á fi sún ẹnìkan láti sọ̀rọ̀. Ní Èwú, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn mọ́ńkì Benedict ń pàdé fún àdúrà ní wákàtí-wákàtí, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ láàárín rẹ̀. Ní ti wa, orí òkè ni ibùgbé irú ọkàn báyìí. Lóòótọ́, ariwo àdúrà pọ̀ níbẹ̀ lóru, àmọ́ ẹni tó bá dúró di ọ̀sán á rí àwọn kan tí wọ́n dá jókòó sábẹ́ igi, tí Bíbélì wà lórí orókún wọn, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ìjọ tó wà nínú ìlú náà ní àyè fún wọn, kó máà jẹ́ pé àfi kí wọ́n gun òkè.

Ṣé a bí i mọ́ni ni?

Àbínibí wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n ti tọ́ni wà níbẹ̀, ohun tí ojú ń rí sì wà níbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ló gbé àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde dìde. Àìsàn, àìríṣẹ́ tàbí àìrọ́mọbí lè sọ ẹni tó ń fi ìwé gbàdúrà di ẹni tó ń sùn sí ilé àdúrà. Ọjọ́ orí náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jó níwájú pẹpẹ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló wá ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ní ọmọ àádọ́rin.

Ohun tó hàn jù nínú ìtàn ni pé kò sí ìjọ tó lè jẹ́ ti àdámọ́ kan ṣoṣo pẹ́ títí. John Wesley, àlùfáà Áńgílíkà tó fẹ́ràn ètò, ní ìrírí ìmóoru ọkàn ní London lọ́jọ́ 24, oṣù Karùn-ún, 1738. Ìjọ tó ti inú rẹ̀ jáde gbóná nígbà náà. Nígbà tó fi máa pé igba ọdún, ó ti di ìjọ elétò l'Ékòó. Àwọn Kérúbù àti Séráfù tó sá fún àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù ti ní oyè àti ẹ̀wù oyè tiwọn. Ìjọ Olúwa ti Òṣítẹ̀lú wọ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé lọ́dún 1975. Lọ́wọ́ kejì, ìsọjí Ẹ̀mí wọ inú ìjọ Kátólíìkì láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1967, ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọ Áńgílíkà náà ń ṣe ìṣọ́ òru báyìí pẹ̀lú ìlù. Ọkàn tí a lé jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, torí Ọlọ́run kò dẹ́kun dídá irú wọn.

Ibi tí ewu wà

Ewu àkọ́kọ́ ni sísọ àdámọ́ di òfin. Àwọn ìjọ àtijọ́ dẹ́ṣẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n fojú àìlàjú wo àwọn aríran. Àwọn tuntun náà ń dá a báyìí. Wọ́n ń sọ fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn Olúwa tọkàntọkàn pé bí kò bá fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀, kò tíì bá Ẹ̀mí pàdé. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tó bá yá, á sú u, á fi ìjọ sílẹ̀, wọ́n á ní ayé ló gbé e lọ.

Ewu kejì ni fífi àdámọ́ ṣe àwáwí. Onímọ̀ tí kì í kúnlẹ̀, aríran tí kì í ka Bíbélì, oníṣẹ́ àánú tí kì í sinmi níwájú Olúwa, ẹlẹ́tò tí kò mọ orúkọ aláìní tó wà ládùúgbò rẹ̀: ‘bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn’ kò ní gbà wọ́n là. Ohun tí von Hügel sọ lórí ọ̀ràn yìí kò yẹ ní gbígbàgbé.

Ewu kẹta ni kíka gbogbo ìyàtọ̀ sí àdámọ́. Ẹ̀kọ́ lórí ìrìbọmi, lórí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, lórí ìgbàlà, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Ó yẹ ká bá ara wa jiyàn lórí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wòólì tó ń fi ìran èké gba owó lọ́wọ́ opó kò ní àdámọ́ kankan tó lè bò ó, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àlùfáà elétò tó ń fi ipò rẹ̀ ni aláìní lára náà kò yàtọ̀. Èso Ẹ̀mí tí Pọ́ọ̀lù kà fún àwọn ará Gálátíà ni òṣùwọ̀n. Ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, sùúrù, ìkóra-ẹni-níjàánu: kò sí èyí tó jẹ́ ti ọkàn aláriwo nìkan tàbí ti ọkàn adákẹ́ nìkan.

Ohun tó yẹ kí ìjọ ṣe

Ó yẹ kí olùṣọ́-àgùntàn mọ irú ọkàn tó wà nínú agbo rẹ̀ kó tó fi ìlànà kan bọ́ gbogbo wọn. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lè ní àyè ìdákẹ́jẹ́, kó ní àyè ìhó ayọ̀, kó ní ẹ̀kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ọrẹ àánú rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Nígbà tí a bá ń yan àwọn alàgbà àti olórí ẹgbẹ́, kó má jẹ́ kìkì àwọn tí ohùn wọn ga jù. Nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé, ẹ sọ ìtàn Hánà, ẹ sọ ti Dáfídì tó jó, kí ọmọ lè mọ̀ pé ilé Ọlọ́run gba òun bí òun ṣe wà. Nínú ilé, kí tọkọtaya tí ìsìn wọn yàtọ̀ fi ọjọ́ kan lóṣù tẹ̀ lé ara wọn lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì béèrè ohun tí ẹnìkejì ń rí níbẹ̀ kó tó dá a lẹ́jọ́.

Èyí tó ṣòro jù ni pé kí oníkálukú lọ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹni tí kò jọ ọ́. Ọkàn kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo rẹ̀ pé sí lẹ́ẹ̀kan náà, ti Jésù fúnra rẹ̀: ó wọ sínágọ́gù lọ́jọ́ Ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi Ìwé Mímọ́ dá àwọn amòfin lóhùn, ó wo aláìsàn sàn, ó yọ̀ nínú Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì dá gun orí òkè lọ gbàdúrà. Ìpín díẹ̀díẹ̀ ni àwa rí gbà nínú rẹ̀. Ìjọ tó bá kó gbogbo ìpín náà jọ, tí kò lé ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀nà tó ń gbà kúnlẹ̀, ni ayé ti máa rí Jésù bó ṣe rí.